Orúkọ Ta Ni A Ó Fi Máa San Owó Ìrànwọ́ Akàndá Ẹ̀dá?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìsapá láti máa fi èdè Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ tó kan àwa mẹ̀kúnnù jáde. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwa tí ara wa kò pé, àwa tí wọ́n ń pè ní akàndá ẹ̀dá lóde òní. Orúkọ náà dùn létí ju abirùn lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó mú un wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ló tètè yí padà, ìṣesí ni kò tíì yí. Aránṣọ ni mí ní àdúgbò Òkè-Báálẹ̀ níhìn-ín ní Òṣogbo. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú mi, láti ọdún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ òsì mi sì ti gbẹ. Ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn. Máṣíìnì tí a ń fi ọwọ́ yí ni mo fi ń ránṣọ, nítorí pé ẹsẹ̀ mi kò lè tẹ irú èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lò.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lọ́kàn mi. A gbọ́ pé wọ́n ń kọ orúkọ àwọn aláìní sílẹ̀ fún owó ìrànwọ́ kan, mo sì múra lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n júwe fún wa. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà wà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn téèyàn lè gbà débẹ̀ ju àtẹ̀gùn lọ. Mo jókòó sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án títí oòrùn fi kan àtàrí kí ẹnìkan tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Ta ni olórí ìdílé yín?" Mo ní èmi ni mò ń gbọ́ bùkátà ara mi. Ó ní ìwé tó wà lọ́wọ́ òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ìdílé ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí n lọ mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí a jọ ń gbé ilé bàbá wa wá. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nínú ìwé náà, mo di ọ̀kan lára àwọn mìíràn tó ń gbé inú ilé. N kò bá ẹ̀gbọ́n mi jà, nítorí pé èèyàn dáadáa ni, ó sì ní ọmọ mẹ́rin tó ń tọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, nígbà tí ìjọba bá sọ pé òun fẹ́ ran akàndá ẹ̀dá lọ́wọ́, orúkọ ta ni wọ́n ń kọ síwájú owó náà?

Kí ìjọba tó mọ̀ wá, ìdílé ló ń tọ́jú wa. Àwọn baba ńlá wa pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n gbà pé Ọbàtálá fúnra rẹ̀ ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ kí ọmọdé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré rárá. Ṣùgbọ́n oko ló gbé ọ̀wọ̀ náà ró. Ẹni tí kò lè roko lè jókòó ran òwú, ó lè bó ẹ̀gúsí, ó lè bá àwọn ìyàwó ilé mójú tó ọmọ, oúnjẹ rẹ̀ á sì ti inú ìkòkò tí gbogbo agbo ilé ń jẹ wá. Ní Òṣogbo òde òní, gàrí, omi, iná, owó ilé, gbogbo rẹ̀ ni a ń fi owó rà, ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ dénú kò sì lè fi ìfẹ́ san owó ọkọ̀.

Àwọn tí ara wọn pé kì í sábà mọ̀ pé àìpé ara ní owó orí tirẹ̀ tí a ń san lójoojúmọ́. Láti Òkè-Báálẹ̀ dé ọjà Ìgbóǹnà tí mo ti ń ra òwú àti bọ́tìnnì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kì í fẹ́ gbé èmi àti ọ̀pá mi pọ̀ mọ́ èrò mìíràn, nítorí náà owó èèyàn mẹ́ta ni mo ń san lálọ, owó èèyàn mẹ́ta ni mo sì ń san lábọ̀. Rọ́bà tó wà nídìí ọ̀pá máa ń jẹ tán, bí n kò bá sì tètè pààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ tí omi dà sí lásán ti tó láti gbé mi ṣubú. Ti aládùúgbò mi kan tún wúwo ju tèmi lọ. Ó bí ọmọ kan tí kò lè dá jókòó títí di òní, ó sì ti pa ìsọ̀ ata rẹ̀ ní Ọjà Ọba tì láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà, nítorí pé kò sí ẹni tó máa gbé ọmọ náà bí òun bá wà lọ́jà. Èrè ọjà tí ìyá yẹn ti pàdánù láti ọdún mẹ́fà, kò sí ìwé ìjọba kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Òótọ́ ni pé òfin ti wà tipẹ́ ní Nàìjíríà fún irú wa, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ olóṣù ni ojú rẹ̀ ń wò. Ní 1941, nígbà tí àwọn Òyìnbó amúnisìn ṣì wà níhìn-ín, ni wọ́n ṣòfin lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1961, ìjọba dá àpò owó kan sílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ jọ ń dá owó sí. Ní 1993 ni wọ́n sọ àpò náà di èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NSITF, ìyẹn àpò ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Òfin tó ń ṣiṣẹ́ báyìí ni ti 2010, èyí tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san kọ́bọ̀ kan lórí náírà kọ̀ọ̀kan owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí a lè rí owó fún ẹni tí ẹ̀rọ bá gé lọ́wọ́ tàbí tó jábọ́ láti orí ilé tó ń kọ́. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu òfin náà. Ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ kò bá mi lẹ́nu iṣẹ́ kankan, orí ẹní ìyá mi ló ká mi mọ́. Ẹni tí wọ́n bí ní adití, aláta tí ojú rẹ̀ fọ́ díẹ̀díẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ọ̀gá, òfin yẹn kò rí ìkankan nínú wa.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 rí wa. Abala 16 rẹ̀ sọ pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà lè ní ilé àti oúnjẹ tó tó, owó oṣù tó mọ́gbọ́n dání, ìtọ́jú àgbàlagbà, owó ìfẹ̀yìntì, owó fún ẹni tí kò ríṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣàìsàn, àti ìtọ́jú àwa akàndá ẹ̀dá. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ yóò yọ̀, títí yóò fi padà sí abala 6, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ilé ẹjọ́ kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá ìjọba mú irú àwọn ìlérí wọ̀nyí ṣẹ tàbí kò mú un ṣẹ. Ìwé kan náà ló ṣèlérí, ìwé kan náà ló sì ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ ẹni tó bá fẹ́ béèrè ìlérí náà. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro wa ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi.

Ní 2010, Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ akàndá ẹ̀dá, èyí tí abala 28 rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìgbé ayé tó tẹ́ni lọ́rùn àti ààbò ìjọba lórí àtijẹ-àtimu wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ akàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ náà jẹ́ fún wa. Òfin náà ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fi ààyè iṣẹ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún wa, ó fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ wa. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ṣùgbọ́n kò sí abala kankan nínú òfin ọ̀hún tó sọ iye owó tí ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè gbọ́ bùkátà rẹ̀, yóò máa rí gbà lóṣooṣù.

Owó oṣooṣù tí a mọ̀ jù ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san fún àwọn ìdílé tálákà ní 2016. Ní ọdún yẹn, owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ jẹ́ 18,000 náírà, èyí tó fi hàn pé owó ìrànwọ́ náà lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù. Láti 2024 ni owó oṣù tó kéré jù ti di 70,000 náírà. Bí a bá gbé ẹgbẹ̀rún márùn-ún kan náà síwájú rẹ̀ lónìí, kò ju ìdá kan nínú mẹ́rìnlá lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, wọ́n kéde 25,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́ta fún ìdílé mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí oṣù kìíní ọdún 2024 tó parí, ìjọba ti dá gbogbo ètò náà dúró láti ṣèwádìí owó. N kò sọ pé kí wọ́n má ṣèwádìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí kò jalè, tí kò mọ ohunkóhun nípa ìwé tí wọ́n ń yẹ̀ wò, òun ni ìkòkò rẹ̀ kọ́kọ́ ṣófo, kò sì ní ibì kan tó lè lọ béèrè, nítorí pé ètò ni wọ́n fi san án fún un, òfin kọ́.

Àwa ará Ọ̀ṣun mọ̀ pé ìpínlẹ̀ lè san irú owó bẹ́ẹ̀. Lákòókò Gómìnà Rauf Aregbesola, ìjọba san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lóṣooṣù fún àwọn arúgbó kan tí kò ní olùrànlọ́wọ́, lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Àgbà Ọ̀ṣun. Àwọn ará Èkìtì náà rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún àwọn tó ti pé ọdún 65 láti 2011, nígbà tí Gómìnà Kayode Fayemi wà lórí oyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn lẹ́tà mìíràn tí obìnrin kan kọ sí olóòtú, nítorí pé òun ló fún mi nígboyà láti mú kálámù. Ní 1965, ìyàwó ilé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Megan du Boisson, tí àìsàn multiple sclerosis, èyí tó máa ń ba ọpọlọ àti iṣan ara jẹ́, ń bá fínra, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn The Guardian. Nígbà náà, ẹni tó fara pa lójú ogun ní owó tirẹ̀, ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní tirẹ̀, ẹni tó ti ń dá owó sí àpò ìjọba láti inú owó oṣù rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ìyàwó ilé tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ kò ní nǹkan kan. Òun àti Berit Moore dá ẹgbẹ́ Disablement Income Group sílẹ̀, wọ́n sì ń béèrè ohun kan ṣoṣo: kí a wo àìpé ara fúnra rẹ̀ kí a tó sanwó, láìka ibi tó ti bá èèyàn sí. Jàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀ ní 1969, kò sì rí èso iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún ẹni tó nílò kí ẹlòmíràn máa ràn án lọ́wọ́ tọ̀sán tòru, ní 1976 owó ìrìnnà tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, nígbà tí owó ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn abilékọ ní 1977, wọ́n fi ìdánwò kan lé e lórí: obìnrin tó lọ́kọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé yàtọ̀ sí iṣẹ́ ajé, òun kò lè ṣe iṣẹ́ ilé pẹ̀lú. Ọkùnrin kò ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n tó mú un kúrò. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn obìnrin yẹn àti èyí tí wọ́n bi mí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Gúúsù Áfíríkà sún mọ́ wa ju ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ sì korò. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ ti ń sanwó fún akàndá ẹ̀dá, ṣùgbọ́n àwọ̀ ara ló ń sọ iye tí èèyàn máa gbà, ti aláwọ̀ dúdú ló sì kéré jù. Ọdún 1993 ni wọ́n tó sọ ọ́ di iye kan náà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2004 ló gbé e ró báyìí, àpò owó-orí ni owó náà sì ti ń wá. Ẹni tó ti pé ọdún 18 tí kò tíì pé 60 ni ó wà fún. Dọ́kítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò wo owó tó ń wọlé fún un, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ló wà níwájú owó. Ìyá tó ń tọ́jú ọmọ tí àìpé ara rẹ̀ le gan-an ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2024, owó akàndá ẹ̀dá níbẹ̀ lé ní 2,000 rand lóṣù. Kẹ́ńyà náà ń san 2,000 ṣílè fún àwọn tí tiwọn le jù, ṣùgbọ́n ìdílé ni wọ́n ń san án fún. Gánà ń ya ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún akàndá ẹ̀dá nínú owó tí ìjọba wọn ń pín fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lókèèrè ló yẹ ká kó wálé. Ní Amẹ́ríkà, owó tí wọ́n ń pè ní SSI, ìyẹn owó ìrànwọ́ oṣooṣù fún akàndá ẹ̀dá àti arúgbó tí kò rí já jẹ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974, ní òfin kan tó sọ pé ẹni tó ń gbà á kò gbọ́dọ̀ ní ju 2,000 dọ́là lọ nípamọ́, yàtọ̀ sí ilé tó ń gbé àti ọkọ̀ kan. Láti 1989 ni iye yẹn ti wà lójú kan. Ẹ wo ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò ṣe fún aránṣọ tàbí aláró ní Òṣogbo. Alájọ ń gba owó lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, mo sì ń dá èésú pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́sàn-án. Owó yẹn ni mo fi ra máṣíìnì kejì, òun náà ni mo ń fi pamọ́ de ọjọ́ àìsàn. Bí òfin bá sọ pé kí n jáwọ́ nínú àjọ kí n tó lè gba owó ìjọba, ó ti ní kí n wà nínú òṣì títí láé kí ó tó lè ràn mí lọ́wọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, Olóòtú, ni kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa sọ owó yìí di òfin, kí ó kúrò ní ètò tí gómìnà kan lè dá sílẹ̀ kí òmíràn sì pa á rẹ́. Kí akàndá ẹ̀dá tó ti bàlágà gba owó tirẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, nínú àkáǹtì ara rẹ̀, yálà ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni o, tàbí ọkọ, tàbí ọmọ. Kí wọ́n so iye rẹ̀ mọ́ owó oṣù tó kéré jù, kó lè máa gòkè bí ìyẹn bá ń gòkè. Bí ó bá jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, 21,000 náírà nìyẹn lóṣù lónìí. Fún ẹgbẹ̀rún èèyàn kan, mílíọ̀nù 252 náírà ni ìjọba yóò ná lọ́dún. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí tiwọn le jù, bíi ti ọmọ aládùúgbò mi, kí wọ́n sì máa fẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún. Kí àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ wá bá wa nílé tàbí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí wọ́n má sì pè wá lọ́dọọdún láti wá fi hàn pé a ṣì jẹ́ akàndá ẹ̀dá, nítorí pé ẹsẹ̀ tó ti gbẹ láti ọdún mẹ́rìnlélógójì kò ní rú padà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní owó náà yóò sọ wá di ọ̀lẹ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan yí máṣíìnì tó sì ń fi ìkejì ti aṣọ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ. Owó Márúwá tí mo ń san ní ìlọ́po mẹ́ta ló ń lé mi kúrò lọ́jà, bí mo bá sì rí ìrànwọ́ lórí rẹ̀, aṣọ tí màá rán yóò pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn yóò ní wọn yóò kọ orúkọ ayédèrú. Ẹ̀rù yẹn bà mí náà, nítorí pé orúkọ ayédèrú kan, oúnjẹ ẹnìkan nínú wa ni. Ṣùgbọ́n NIN wà lọ́wọ́ wa, ìka wa wà nínú kọ̀ǹpútà báńkì, àwa fúnra wa ní ẹgbẹ́ sì mọ ara wa ní àdúgbò dé àdúgbò. Kí wọ́n pè wá síbi tí wọ́n bá ti ń yẹ orúkọ wò.

Àwọn tó gbà pé iye wa yóò máa dín kù náà wà. Lóòótọ́, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú wa nígbà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, mo sì sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà nítorí àwọn ọmọ tí kò ní mọ ohun tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí àrùn náà ti mú ṣì wà láàyè, a sì ń dàgbà, apá tí a fi ń gbé ara lé ọ̀pá láti kékeré sì ti ń rẹ̀ wá. Ọ̀kadà ń gba ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ lójú títì wa, ìtọ̀ ṣúgà ń gba ẹsẹ̀ àti ojú àwọn àgbà. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé ẹnìkan nínú èèyàn mẹ́fà láyé ló ní àìpé ara tó lágbára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí tí ara wọn le koko lónìí yóò bá wa níbẹ̀ kí wọ́n tó darúgbó.

Ẹgbẹ́ àwa akàndá ẹ̀dá ní àdúgbò wa máa ń pàdé ní Sátidé kejì oṣooṣù láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Aṣòfin tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wa kó tó kọ àbádòfin, kó wá jókòó tì wá. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbọ̀ngàn náà wà, kò ní àtẹ̀gùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ kan ní Òkè-Báálẹ̀,
Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.